Alága Tí Ó Fẹ́ Gba Ẹ̀wà Lẹ́nu Àwọn Ọmọ

Ní àwọn ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń gba ilẹ̀ ní Ọ̀tà, tí ẹni tó bá rí oko ẹ̀gẹ́ lónìí lè padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kó bá géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọkùnrin kan wà tí ìjọba fi ṣe alága. Orúkọ rẹ̀ ni Ọlábánjí Àjíṣafẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá pè é ní Ọlábánjí lásán ti ba ọjọ́ náà jẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Olóyè Dókítà Díákónì Ọlábánjí Àjíṣafẹ́ ni, Alága Ìgbìmọ̀ Sáyẹ́nsì àti Oúnjẹ Aṣaralóore fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé. Oyè yẹn, ìlú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ ẹ́. Díákónì, ṣọ́ọ̀ṣì ló fún un. Ti Dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ló fi dá a lọ́lá, lẹ́yìn tí ó bá wọn ra jẹnẹrétọ̀. A ò sọ pé nǹkan kan burú níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Aṣọ ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí lára Olóyè. Ó ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì a máa wọ kóòtù funfun, nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe alága ló gba ọ̀dọ̀ télọ̀ kan lọ ní Ìlò-Àwẹ̀là, ó ní kó rán tòun. Ṣùgbọ́n Olóyè kò lè jáde láìwọ agbádá, télọ̀ náà kò sì jẹ́ bá oníbàárà jiyàn, ni ó bá rán kóòtù funfun tí apá rẹ̀ fẹ̀ bíi ti agbádá, ó sì kó iṣẹ́ ọnà sí i láyà. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, Olóyè á wú bí ẹni tó fẹ́ gbéra nílẹ̀. Bírò mẹ́ta ló máa ń wà nínú àpò àyà kóòtù náà. Kò sí èyí tó ní yíǹkì nínú.

Ní àárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wọ ọgbà ọ́fíìsì, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sójú ọ̀nà. Fàlílù, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti le nítorí àtẹ́wọ́, á pariwo pé, "Sáyẹ́nsì!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn pé, "Ń bẹ lórí wọn!"

"Oúnjẹ!"

"Ń bẹ lọ́wọ́ wọn!"

Bí Olóyè bá sín, Fàlílù á ní, "Àwárí tuntun nìyẹn, sà." Bí ó bá yán, Fàlílù á ní ìrònú ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú Fàlílù. Ọmọ mélòó kan ló ń bọ́, àtẹ́wọ́ sì ni iṣẹ́ tó rí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba gbé lé ìgbìmọ̀ yìí lọ́wọ́: kí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa rí ẹ̀wà àti ẹyin jẹ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ náà sì ń lọ. Lójoojúmọ́ ni èéfín ń rú nílé ìdáná ilé-ìwé, lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń lá àwo. Wàhálà Olóyè gan-an nìyẹn. Nǹkan tó ń lọ geere, ta ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ alága lórí rẹ̀? Àwọn ìyá ọmọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ. Àwọn ọmọ kò tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹyin ni wọ́n gbájú mọ́.

Ìròyìn sì ti tàn láti Abẹ́òkúta pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń wá olùdámọ̀ràn kan lórí sáyẹ́nsì àti oúnjẹ. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn, ọkọ̀ tó ń hó fáànfáàn ni yóò máa ṣáájú rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí Olóyè ti gbọ́ ọ, kò lè gbọ́ kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn hó kọjá kó má rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní àkókò náà ni wọ́n pè é sí ìpàdé kan lókè òkun lórí oúnjẹ aṣaralóore. Ó sun èyí tó pọ̀ jù nínú ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jáde, ọmọbìnrin kan tó ń pín ohun ìtọ́wò lẹ́nu ọ̀nà gbé ife kékeré kan lé e lọ́wọ́, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n po mọ́ omi. Olóyè mu ún, ojú rẹ̀ sì là.

Bí ó ti dé, ó wá àwọn kan nílé-iṣẹ́ kékeré kan ní Sàńgó tí wọ́n lè po irú rẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú ti òkè òkun yẹn, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n da láfún ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ṣúgà, wọ́n fi àwọ̀ yẹ́lò sí i, wọ́n sì wọ́n òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Olóyè sọ ọ́ ní Làákàyè.

Ó pe ìgbìmọ̀ jọ. Ó dìde, kóòtù rẹ̀ gba ojú fèrèsé mẹ́ta.

"Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí a kò tíì bí," ni ó wí. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti bí. "Ìlú wo ló ti fi ẹ̀wà dé ojú òṣùpá? Ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná! Ẹ̀wà ń jẹ igi! Tí ọmọ bá sì jẹ ẹ́ tán, kíláàsì kò ní dákẹ́, ẹ ṣáà mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti mú ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ wá. Ṣíbí kan Làákàyè nínú omi, ebi kò ní pa ọmọ títí di alẹ́, ìṣirò á sì máa wọ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fọ ìkòkò ẹ̀wà, ẹ dà á dé!"

Fàlílù pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ta á.

Ẹnì kan kò pàtẹ́wọ́. Dókítà Títílọlá ni, olùkọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore ní yunifásítì aládàáni kan tó wà lẹ́yìn Ìyànà Ìyẹsí. Ìjọba ló fi obìnrin yìí sínú ìgbìmọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ó kéré tán, ẹnì kan níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ti mu ún rí?"

"Èmi fúnra mi."

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Mo rántí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì mi lójú ẹsẹ̀."

Dókítà Títílọlá mí kanlẹ̀. "Olóyè, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Kí ilé-ìwé kan máa mu Làákàyè fún sáà kan, kí òmíràn máa jẹ ẹ̀wà àti ẹyin lọ. Ká gbé gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n níbẹ̀rẹ̀, ká tún gbé wọn sí i níparí, ká wo àwọn tí ara wọn le jù. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́nsì, sà. Kó kọ́kọ́ wádìí nǹkan wò kó tó fi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Olóyè gbé ọwọ́ lé àyà. "Kí ilé-ìwé kan mu, kí òmíràn má mu? Lábẹ́ àṣẹ tèmi? Ẹ fẹ́ kí n ya àwọn ọmọ wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Láéláé!"

"Sà, bí a kò bá ní èyí tí a máa fi wé e, báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Báwo la ṣe ń mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Olóyè rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ábídí. "Ẹni tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí á jáde wá, á gba máìkì, á jẹ́rìí. Ta ló ń gbé ẹlẹ́rìí sórí òṣùwọ̀n? A ó ṣe ọjọ́ ìjẹ́rìí. Kọmíṣọ́nà tó ń wá olùdámọ̀ràn á wá, á fi etí ara rẹ̀ gbọ́."

Fàlílù ní, "Bàbá Sáyẹ́nsì!" Ìpàdé parí.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sàńgó ni wọ́n lò. Wọ́n na kánópì, wọ́n gbé àga tí ó ní tìmùtìmù síwájú, Kọmíṣọ́nà sì dé láti Abẹ́òkúta. Ayọ̀kúnnúmi lorúkọ rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàtà rẹ̀ há, ó sì ti rọra bọ́ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí Olóyè tó parí ìkíni. Ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ yé gbogbo ènìyàn: bí Làákàyè bá dára lóòótọ́, òun á mú un dé gbogbo ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀, Olóyè á sì di olùdámọ̀ràn. Gbogbo ìkòkò ẹ̀wà á ti ibẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn òbí tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹfúnkẹ́, ará Ọ̀ṣun kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ike, ló kọ́kọ́ gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Ọmọ mi Jùwọ́n, tí kò lè dá A mọ̀ yàtọ̀ sí àkàbà! Láti ìgbà tí Làákàyè ti dé, ìwé ló ń kà bí ẹni ń mu omi!"

Pápá dún. Olóyè wo Kọmíṣọ́nà, ó wo Dókítà Títílọlá, ó sì tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

Sírájúdéènì wẹ́dà ló tẹ̀ lé e. "Alihamudulilahi. Èmi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo ènìyàn ń sọ tiwọn, mi ò fẹ́ kí tèmi fò mí. Ọmọ mi Àdìzát ti sanra. Ó ti sanra jù! Ẹ wò ó!" Àdìzát dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ẹsẹ̀. Ènìyàn tún hó yèè.

Ẹnì kan jẹ́rìí pé òun ti rí ilẹ̀ rà. Ẹlòmíràn jẹ́rìí pé ìyá ọkọ òun ti padà sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bí èyí ṣe kan Làákàyè.

Ni Kọmíṣọ́nà bá gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Jùwọ́n, ẹ kú oríire. Ìgbà wo ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún?"

"Kò tíì mu ún, mà," ni Ẹfúnkẹ́ wí. "Ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ni wọ́n ní ó taku lọ́nà Ìdírọkọ̀."

"Kò tíì mu ún?"

"Mo ti gbà á ní ti ìgbàgbọ́ ni, mà. A máa ń dúpẹ́ ṣáájú."

"Bàbá Àdìzát ńkọ́?"

"Èmi náà, mà," ni Sírájúdéènì wí. "À ń retí ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run ṣáà mú un dé láyọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní agbègbè yẹn, ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò a máa kọ́kọ́ dúpẹ́ fún mọ́tò, ẹni tó ń wá ọkọ a sì máa dárúkọ ọmọ. Ohun tó yẹ kí alága kan ti mọ̀ nìyẹn kó tó fi ìdúpẹ́ ṣe ìwádìí.

Olóyè mọ̀ pé àga Abẹ́òkúta ti ń yọ́ lọ lábẹ́ ìdí òun. Ó já máìkì gbà.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ iṣẹ́ ìyanu! Kí wọ́n tó mu ún ló ti ń ṣiṣẹ́! Ẹ̀wà wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí nǹkan tí Làákàyè kò lè ṣe! Kì í ṣe ọmọdé nìkan, àgbàlagbà bíi tèmi, bí mo bá ń mu ún nìkan ṣoṣo, tí mi ò fi nǹkan mìíràn kan ẹnu, ara mi á máa dán!"

Ènìyàn pàtẹ́wọ́. Fàlílù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Kọmíṣọ́nà fi ẹnu sí etí Dókítà Títílọlá, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá dìde. "Olóyè, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Dókítà ní a nílò àwọn tó máa mu Làákàyè, àti àwọn tó máa jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀yin ní ẹ kò fẹ́ ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ọmọ máa jẹ ẹ̀wà àti ẹyin lọ. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ máa mu Làákàyè, fún sáà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, láìfi nǹkan mìíràn kan ẹnu. A ó gbé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ sórí òṣùwọ̀n lónìí, a ó tún gbé yín sí i níparí sáà. Bí ara yín bá dán, àga Abẹ́òkúta ti di tiyín, Làákàyè á sì dé káàkiri ìpínlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà dúró síbi tó wà, ẹ̀yin á sì fi àga alága sílẹ̀."

Olóyè la ẹnu. Gbogbo pápá ń wò ó. Àwọn ọmọ pàápàá ń wò ó.

"Mo gbà," ni ó wí, lóhùn tí kò dé ibi tí kánópì parí sí. Ó gun òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n kérora.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Fàlílù a máa gbé ife Làákàyè wọlé lórí abọ́ fàdákà, á ní, "Ọgbọ́n dé o," Olóyè á sì mu ún níwájú àwọn òṣìṣẹ́, á fi àwọ̀ yẹ́lò sílẹ̀ sí irùnmú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Làákàyè kì í pẹ́ nínú. Kí Olóyè tó fi ife sílẹ̀, inú rẹ̀ á ti máa bi í pé kí ló tún kù. Ìpàdé á wà lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ á dún, Fàlílù á sì wo àjà, á ní, "Ààrá ń sán, sà," nígbà tí oòrùn wà níta.

Nílé ńkọ́? Rose, ìyàwó rẹ̀, gba Làákàyè gbọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Ó ti rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń hó fáànfáàn yẹn. Nítorí náà ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìdáná, ó sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí ìró. Yóò bu ìrẹsì Ọ̀fàdà síwájú ara rẹ̀, yóò máa jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò máa sọ pé, "Bàbá Abẹ́òkúta, ẹ fara dà á. Èṣù ló ń fi òórùn ọbẹ̀ yìí dán yín wò."

"Rose, ẹran kan ṣoṣo."

"Ẹ kúrò lẹ́yìn mi, Sàtánì."

Ní ilé oúnjẹ ńkọ́? Gbogbo Sàńgó ló mọ kóòtù yẹn. Ó bọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó dé fìlà bojú, ó wọ ilé oúnjẹ kan, ẹni tó ń bu oúnjẹ sì ní, "Ẹ káàbọ̀, Alága! Ṣé Làákàyè lẹ fẹ́ bá wa tà ni?" Ó ní òun ṣi ọ̀nà wọ ibẹ̀ ni.

Ibi kan ló kù tí alága lè wọ̀ láìsí ẹni tó máa bi í léèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Olóyè sọ fún Fàlílù pé òun ń lọ ṣe àbẹ̀wò ilé ìdáná ilé-ìwé, kí òun lè mọ bí ọ̀tá ṣe ń rìn. Ó lọ òun nìkan.

Ọmọ́wùnmí ló ń dáná níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìyá Jabez. Alága bá ìkòkò ẹ̀wà lórí iná, epo pupa ń hó lórí rẹ̀, àlùbọ́sà ń ta sánsán. Olóyè di òpó mú.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Àbẹ̀wò," ni Olóyè wí. "Bu díẹ̀. Mo fẹ́ wo bó ṣe rọ̀ tó."

Ó wo ìkíní, ó tún wo ìkejì. Ìgbà tó máa wo ìkẹta, ó ti jókòó lórí àpótí ìdáná, kóòtù funfun rẹ̀ wà nínú eérú. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun gbọ́dọ̀ yẹ ẹyin wò. Ẹyin tí ó bá yẹ̀ wò, kì í padà sínú abọ́.

"Sà, iye ọmọ ni wọ́n ka ẹyin fún."

"Ìyá Jabez, ọ̀rọ̀ sáyẹ́nsì nìyí. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí Làákàyè bá borí, èmi náà ni mo máa wá iṣẹ́ mìíràn fún ọ."

Ìyá Jabez kò fẹ́ran rẹ̀, ṣùgbọ́n alága ni, iṣẹ́ òun sì ni ó fi ń san owó ilé-ìwé Jabez. Ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, àbẹ̀wò di ojoojúmọ́. Nígbà mìíràn Olóyè a máa rìn láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń jẹun, á gbé ẹyin ọmọ kan sókè sí oòrùn, á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, eléyìí mú ìfura dání," á sì mú un lọ. Ọmọ náà á tẹ̀ lé ẹyin rẹ̀ pẹ̀lú ojú títí yóò fi wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò sí ọmọ tó fẹ́ jókòó ní eteetí mọ́. Nígbà tí oúnjẹ bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹyin jù sẹ́nu, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀wà.

Sáà parí. Wọ́n tún na kánópì. Òbí wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé alága sórí òṣùwọ̀n, irú rẹ̀ kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ gùn ún. Dókítà Títílọlá ń kéde: wọ́n ti fi díẹ̀díẹ̀ wúwo sí i, wọ́n sì ga sí i. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀ pé kò tó bó ṣe rò. Ó kan Olóyè. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ọwọ́ òṣùwọ̀n fò kọjá ibi tó dúró sí nígbà àkọ́kọ́. Dókítà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kó tún gùn ún. Ó ní kó bọ́ kóòtù, kóòtù sì wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Olóyè sanra ju gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ.

"Sáyẹ́nsì!" ni Fàlílù ké.

Olóyè gba máìkì. "Àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín dà? Àwọn tó ní kí n máa fi ọ̀kan wé èkejì dà? A ti fi wé e! Ẹ wo àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹ wá wo èmi!"

Kọmíṣọ́nà wo Dókítà Títílọlá. Dókítà mi orí. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n sì ti sọ̀rọ̀. Lẹ́bàá ilé ìdáná, Ìyá Jabez ń wo ìkòkò rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó fẹ́ rin ìrìn àjò. Kọmíṣọ́nà dìde láti kéde. Bí Olóyè bá jókòó ní ìṣẹ́jú yẹn, bí ó bá pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, òun ni ì bá gun ọkọ̀ tó ń hó fáànfáàn lọ sí Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n kò tíì sí ìjẹ́rìí. Ayẹyẹ wo ló máa parí láìsí ìjẹ́rìí?

"Ẹ dúró díẹ̀, mà," ni Olóyè wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ ohun tí ojú wọn rí lára mi ní sáà yìí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó jáde! Ẹ má fi í pamọ́ o! Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹ̀rí mì, oore náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ rẹ̀ ń retí kò ní dé. Ẹ jáde, kí oore yín lè dúró!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Jabez létí. Jabez ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, èsì rẹ̀ kò tíì jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó rìn wá síwájú, Olóyè fúnra rẹ̀ ló sì gbé máìkì lé e lọ́wọ́, kí ó tó rí ẹni tó jẹ́ dáadáa.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ọmọ́wùnmí lorúkọ mi, èmi ni mò ń dáná níbí. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mo sì ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí Olóyè wí báyìí, mi ò fẹ́ kí èsì ìdánwò Jabez bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọjọ́ tí Olóyè kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná mi, ojú wọn ti jìn, ètè wọn ti gbẹ, òpó ni wọ́n dì mú kí wọ́n má baà ṣubú. Mo bu ẹ̀wà fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀wà mi nìyẹn, ẹyin ìjọba nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán lónìí! Ẹ bá mi kí wọn ní halelúyà méje!"

"Halelúyà!" ni ohùn kan ké kí gbogbo pápá tó ké. Olóyè ni. Ó ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi dáhùn kí etí rẹ̀ tó gbọ́.

Àwọn ọmọ kò jẹ́ kí halelúyà kejì dé. Àdìzát ti dìde. "Èmi náà fẹ́ jẹ́rìí! Wọ́n mú ẹyin mi! Wọ́n ní ó ń fura!"

"Wọ́n mú tèmi lẹ́ẹ̀mejì!" ni Jùwọ́n wí.

"Wọ́n ní tèmi kò rí róbótó!"

"Èmi, ẹnu mi ni mo fi í sí, wọ́n ní kí n pọ̀ ọ́!"

Sírájúdéènì wẹ́dà ti dìde lórí àga. "Olóyè! Ẹyin Àdìzát! Ẹ̀yin lẹ sanra tí mo jẹ́rìí ẹ̀ sórí ọmọ mi!" Kánópì mì fún ẹ̀rín. Dókítà Títílọlá bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti rí ìdí tí àwọn ọmọ kò fi sanra tó bó ṣe yẹ.

Olóyè tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," ni ó wí. "Ẹ wò ó, ta ló fún mi ní ọgbọ́n tí mo fi mọ ibi tí ẹ̀wà wà? Làákàyè ni!"

Fàlílù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Ó wo Kọmíṣọ́nà. Ó rọra kó ọwọ́ náà bọ àpò.

"Ẹ ṣeun, Olóyè," ni Kọmíṣọ́nà wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Mi ò rí ìwádìí tó yanjú tó báyìí rí. Ẹ̀wà àti ẹyin sọ àgbàlagbà tí ebi ti fẹ́ pa kú di ẹni tó ń dán. Kí ìkòkò dúró lórí iná. Dókítà Títílọlá ni yóò jókòó sórí àga alága láti òní lọ, kò sì sí ohun tuntun tó máa wọ ẹnu ọmọ kankan láìjẹ́ pé ó ti wádìí rẹ̀ wò. Ìyá Jabez, ẹ kú iṣẹ́. Ìjọba á dá ẹyin tó dín padà."

Agogo oúnjẹ lù. Àwọn ọmọ sáré tò. Rose, tó ti wá wo òṣùwọ̀n, ti wọ ọ̀kadà lọ sílé láìdúró de ẹnikẹ́ni. Fàlílù ti ń gbé àpò Dókítà Títílọlá, ó ń bi í bóyá ó ti sín lónìí.

Ọlábánjí Àjíṣafẹ́ bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó ká a, ó fi sí abẹ́ apá. Òórùn epo pupa àti àlùbọ́sà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó wò yíká, ó mú àwo ike kan, ó sì lọ tò sẹ́yìn Àdìzát. Ọmọ náà wẹ̀yìn, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo àwo rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, Ìyá Jabez bu ẹ̀wà ìgbakọ méjì fún un, ó kún dáadáa, ó sì da epo lé e lórí. Ọkùnrin náà kò kúrò. Ó ń wo abọ́ ẹyin.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Ìyá Jabez wí, ó sì fi ọmọrí dé abọ́ náà. "Ẹ̀wà ni tiyín. Ẹyin, ti àwọn ọmọ ni."